Ilé Oúnjẹ Kékeré Lójú Ọ̀nà Àbíjàn

Ó ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń bi wá pé kí ni a fojú rí nígbà tí ẹgbẹ́ rán àwa mẹ́ta lọ sí Àbíjàn ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. A ti jíyìn iṣẹ́ tí a rán wa ní ìpàdé, akọ̀wé sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kò ráyè sọ tán ní ìpàdé, tí ó sì yẹ kí gbogbo ilé gbọ́. Ohun náà ni ọ̀rọ̀ àwọn ilé oúnjẹ kéékèèké tó wà ní àdúgbò àwọn ìlú tí a là kọjá. Ẹlòmíràn lè rò pé ọ̀rọ̀ ikùn lásán ni. Rárá o. Bí ẹ bá kà á dé òpin, ẹ ó rí i pé ilé oúnjẹ ni ó bá wa rí ẹni tí ọ́fíìsì mẹ́rin kò lè bá wa rí.

ÌMỌ̀RÀN MÉJÌ TÍ KÒ BÁRA MU

Kí a tó gbéra, ìmọ̀ràn méjì ni àwọn àgbà fún wa. Àwọn kan ní kí a di gàárì, ṣúgà, ẹ̀pà àti sàdíìnì, kí a má fi ẹnu kan ohun tí àjèjì bá sè, nítorí ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run. Àwọn kejì ní bí a kò bá lè ṣe aláìjẹun, kí a máa jẹ ní ilé ìtura ńlá níbi tí wọ́n ti ń tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, nítorí pé ibẹ̀ ni ó mọ́. A bọ̀wọ̀ fún àwọn méjèèjì. A di gàárì. A sì jẹun ní ilé ìtura ńlá kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ìlú kan tí a kò ní dárúkọ. Owó tí a san níbẹ̀ tó èyí tí àwa mẹ́ta ìbá fi jẹun fún ọjọ́ mẹ́rin. Ìrẹsì náà tutù, ẹja náà sì ti rí àná. Láti ọjọ́ náà ni a ti pinnu pé ibi tí onílé bá ti ń jẹun ni àwa náà yóò ti máa jẹ.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún àwa ará ìdálẹ̀ láti gbà. Nígbà tí àwọn bàbá wa fi ọkọ̀ ojú irin dé Kánò, tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ẹní àti àpótí, ta ni ó kọ́kọ́ bọ́ wọn? Kì í ṣe ilé ìtura. Ìyá olóúnjẹ tí ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà ni, àti Hausa tí ń ta túwó àti kósé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ pé yàrá kan ṣófo ní ilé báyìí, pé ilé iṣẹ́ báyìí ń wá òṣìṣẹ́, pé ará ìlú wọn kan wà ní òpópónà kejì. Búkà ni ilé ìfìwéránṣẹ́ àkọ́kọ́ tí àlejò ń ní. Ohun tó bọ́ àwọn bàbá wa níhìn-ín, òun náà ni ó ń bọ́ àwọn ọmọ wa lọ́hùn-ún.

BÍ Ọ̀NÀ NÁÀ TI RÍ

Láti Èkó dé Àbíjàn ju 1,000 kìlómítà lọ díẹ̀. Orílẹ̀-èdè márùn-ún ni ọ̀nà náà kàn: Nàìjíríà, Benin tí a ń pè ní Dàhòmì títí di 1975, Tógò, Gánà, àti Côte d'Ivoire. Kò sí ọ̀nà irin tó so wọ́n pọ̀. Àwa tí a ń jẹun nídìí rélùwéè mọ ìdí rẹ̀. Àwọn òyìnbó tó la ọ̀nà irin kò wá bí etíkun kan yóò ti pàdé èkejì. Ohun tí wọ́n ń wá ni bí ẹrù òkè yóò ti dé èbúté. Ọ̀nà irin Sekondi dé Kumasi ní 1903, ti Èkó dé Kánò ní 1911, ti Àbíjàn sì dé Ouagadougou ní 1954. Gbogbo wọn dúró bí ìka ọwọ́ tí a ya sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nítorínáà mọ́tò ni a wọ̀ láti Èkó lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà kì í ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ẹni tó bá dé Ẹ̀jìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yóò rí i pé ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀ ló ní ọmọ ní Côte d'Ivoire. Ọkọ̀ ń gbéra láti ibẹ̀ tààrà lọ sí Àbíjàn, ẹ ó sì máa gbọ́ èdè Faransé lẹ́nu àwọn tó bá wálé ọdún. Láti 1979 tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí àdéhùn ìrìn-àjò, ọmọ ilẹ̀ kan lè wọ ilẹ̀ kejì kó lo 90 ọjọ́ láìgba físà, bí ìwé ìrìnnà rẹ̀ bá pé. Ẹ rántí káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú pẹ̀lú, nítorí pé wọ́n ń béèrè rẹ̀ ní ẹnubodè.

ÀJÀṢẸ́ ÀTI KÚTỌNU

Bí a ti kọjá Sẹ̀mẹ̀, èdè Faransé kọ́kọ́ dẹ́rù bà wá, ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà kò pẹ́ rárá. Ní Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, a ń gbọ́ Yorùbá lọ́tùn-ún lósì, nítorí ará wa ni àwọn Nàgó, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Kétu àti Ṣábẹ ti jẹ́ ará wa. Ilé oúnjẹ tí a wọ̀ níbẹ̀ kò ní ju bẹ́ǹṣì mẹ́rin lọ. Amiwo ni ìyá olóúnjẹ bù fún wa. Ìyẹ̀fun àgbàdo ni, tí wọ́n fi tòmátì, àlùbọ́sà àti òróró rò títí ó fi pupa, pẹ̀lú adìẹ díndín àti ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ túwó másárà níhìn-ín yóò mọ̀ ọ́n, àfi pé ti ibẹ̀ ti mu ọbẹ̀ yó kí ó tó dé inú abọ́.

A rí àkàsà, a ní ẹ̀kọ nìyí. A rí ìrẹsì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, tí wọ́n ń pè ní atassi. A rí ọbẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní crincrin, a tọ́ ọ wò, ó ń yọ̀, ni ọ̀kan nínú wa bá kígbe pé, "Ewédú rèé!" Ìyá olóúnjẹ rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Ẹ̀yin ará Nàìjíríà, gbogbo nǹkan ni ẹ máa ń ní ó jẹ́ tiyín." Ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Àwa ti dé ibẹ̀ báyìí, a sì ti rí i pé ewé kan náà ń hù ní oko méjèèjì.

Ní òwúrọ̀, kafeteríà ni a máa ń yà sí. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà tàn yín jẹ. Tábìlì gígùn kan àti bẹ́ǹṣì lábẹ́ ìbòrí ni. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn awakọ̀ yóò jókòó lẹ́sẹẹsẹ, ẹni tó ni ibẹ̀ yóò po kọfí pọ̀ mọ́ mílíìkì alágolo, yóò dín ẹyin, yóò sì la búrẹ́dì gígùn sí méjì. Ẹni tó bá ti mu tíì rí lọ́dọ̀ màì ṣáyì ní ìkángun òpópónà wa ti mọ gbogbo bí ibẹ̀ ṣe rí. Níbẹ̀ ni a ti kọ́ gbólóhùn tó wúlò jù lọ ní ilẹ̀ Faransé, èyíinì ni "C'est combien?" Ẹ pè é báyìí: "Sé kọ̀ḿbíẹ̀ẹ̀n?" Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, "Èló ni?" Ẹ máa sọ ọ́ kí oúnjẹ tó dé abọ́, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọwọ́.

LOMÉ, NÍBI TÍ ODÓ TI Ń FI Ọ̀NÀ HÀN

Ní Lomé, a kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tí ilé oúnjẹ wà. Ìró odó ni a tẹ̀ lé. Fùfú ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará, iyán ni! Iṣu ni wọ́n ń sè tí wọ́n ń gún, ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta lórí odó kan, ọmọ odó ń lọ sókè sódò láìkanra. Ọbẹ̀ rẹ̀ ṣàn ju tiwa lọ, ó sì ta díẹ̀. Ẹran ni wọ́n ń fi díye lé: ẹ ó fọwọ́ tọ́ka sí èyí tí ẹ fẹ́ nínú ìkòkò, olóúnjẹ yóò sì sọ owó rẹ̀. Nítorínáà, kí ojú yín má tóbi ju àpò yín lọ.

Ẹni tí ó bá gòkè lọ sí Atakpamé ní ilẹ̀ Tógò kan náà yóò tún bá àwọn Ifẹ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní Ànà, tí èdè wọn jẹ́ ìbátan Yorùbá. A kò dé ibẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ tí a rán wa ń pè wá, ṣùgbọ́n a bá ọmọ ibẹ̀ kan pàdé lórí bẹ́ǹṣì. Ó ń sọ tirẹ̀, àwa ń sọ tiwa, a sì gbọ́ ara wa yé títí iyán fi tán.

ÁKRÀ ÀTI OHUN TÍ A KÒ GBÀGBÉ

Lomé fẹ̀yìn ti ẹnubodè Gánà gẹ́lẹ́. Ẹ ó fẹsẹ̀ kọjá sí Aflao, ẹ ó sì bá èdè Gẹ̀ẹ́sì pàdé padà. Chop bar ni àwọn ará Gánà ń pe búkà. Omi àti ọṣẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé síwájú ẹni kí oúnjẹ tó dé. Fùfú tiwọn kì í ṣe iṣu nìkan. Ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni wọ́n sábà máa ń gún pọ̀. Wọn kì í bu ọbẹ̀ sí abọ́ ọ̀tọ̀ bí tiwa. Inú ọbẹ̀ ni fùfú ń jókòó sí bí erékùṣù, yálà ọbẹ̀ ẹ̀pà, ọbẹ̀ ẹyìn, tàbí ọbẹ̀ olómi tó ta dáadáa. A kì í jẹ ẹ́ lẹ́nu. Gbígbé ni à ń gbé e mì.

Kenkey wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí a fi àgbàdo kíkan ṣe. Ti àwọn Gáà wà nínú háhá àgbàdo, ti àwọn Fantí wà nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọ́n ń fi ẹja díndín àti ata jẹ ẹ́. Ní alẹ́, ẹ ó gbọ́ òórùn kelewele, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n tí wọ́n fi ata àti atalẹ̀ ra lára kí wọ́n tó dín in.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mọ́ wa jù ni waakye. Ẹ̀yin ará Kánò, ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa. "Wake" ti Hausa ni, ẹ̀wà nìyẹn, láti inú "shinkafa da wake." Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni, tí wọ́n fi ewé ọkà bàbà sè kí ó lè pupa. Wọ́n ń bù ú sínú ewé eéran, ewé tí àwọn ìyá wa fi ń wé mọ́ínmọ́ín. Wọ́n ń fi ata dúdú tí wọ́n ń pè ní shito sí i, àti gàárì, àti ẹyin, àti pọ̀nmọ́ tí wọ́n ń pè ní wele. Oúnjẹ kan ṣoṣo, orúkọ rẹ̀ Hausa, ewé rẹ̀ bí ti Yorùbá, ata rẹ̀ ti Gáà. Kò sí ẹni tó gba físà fún un.

A jókòó jẹ ẹ́ ní àdúgbò kan ní Ákrà, ọ̀rọ̀ sì dé orí ọdún 1969. Àwọn àgbà inú wa mọ ọdún náà. Ní oṣù kọkànlá rẹ̀ ni ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ẹ̀jìgbò àti àwọn ìlú mìíràn fi ilé àti ìsọ̀ sílẹ̀. Bàbá àgbàlagbà ará Gánà kan tó jókòó tì wá gbọ́ ohun tí a ń sọ. Ó gbé síbí rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin náà lé wa ní 1983." Òtítọ́ ni. Ní oṣù kìíní 1983 ni ìjọba Nàìjíríà pàṣẹ tirẹ̀, àwọn tó lọ sì ju mílíọ̀nù kan lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí báàgì onílà tí wọ́n fi kó ẹrù fi di Ghana Must Go títí dòní. Bàbá náà wà lára àwọn tó fi Èkó sílẹ̀. A dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ti abọ́ ata rẹ̀ sún mọ́ wa, ó ní kí a bù sí i. Àwọn ìjọba méjì kò tíì jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan bẹ́ẹ̀ bá ara wọn sọ ọ̀rọ̀ náà lójú wa rí, ṣùgbọ́n àwa àti bàbá náà ti sọ ọ́, a sì ti jẹun lé e.

ÀBÍJÀN

Maquis ni wọ́n ń pe ilé oúnjẹ àdúgbò ní Àbíjàn. Àga onírọ́bà, tábìlì onírọ́bà, ẹja tàbí adìẹ lórí ẹyín iná, àlùbọ́sà àti tòmátì gígé lórí rẹ̀. Attiéké ni ó ń bá a rìn. Ẹ̀gẹ́ ni attiéké, tí wọ́n rin, tí wọ́n jẹ́ kó kan, tí wọ́n fún omi rẹ̀ dànù, tí wọ́n sì fi ooru omi sè. Bí ẹ bá rò pé gàárì ni, ẹ kò jìnnà, ṣùgbọ́n a kì í yan án. Ó rọ̀, ó sì tutù lẹ́nu. Ní 2024 ni UNESCO fi ọgbọ́n ṣíṣe attiéké sínú àkọsílẹ̀ àwọn ohun ìní àjogúnbá aráyé. Ìṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin tó ń rin ẹ̀gẹ́ ni a bọlá fún bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí àwọn onígàárì tiwa náà gbọ́ ọ.

Dòdò ni wọ́n ń pè ní alloco. Kedjenou ni adìẹ tí wọ́n dé mọ́ inú ìkòkò láìbu omi sí i, tí oje ara rẹ̀ fi sè é. Placali sì ni ẹ̀gẹ́ kíkan tí wọ́n rò, tó sún mọ́ fùfú tiwa. Oúnjẹ òtòṣì àti akẹ́kọ̀ọ́ ni garba: attiéké, ẹja tuna díndín, àlùbọ́sà àti ata tútù. 500 sẹfá péré ni a fi yó. Ẹ sì mọ àwọn tí ó ń tà á? Hausa ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, láti ilẹ̀ Nìjẹ̀r. Ibi tí ìtàn wa ti yí padà nìyí.

BÍ A TI RÍ Ẹ̀GBỌ́N WA

Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ ìdí tí ẹgbẹ́ fi rán wa. Ìyá àgbàlagbà kan nínú wa ní àkọ́bí ọmọkùnrin kan tó lọ ṣe òwò ẹ̀yà ara mọ́tò ní Àbíjàn. Fún ọdún mẹ́rin, kò sí ìwé, kò sí ìpè, nọ́ńbà rẹ̀ kò sì lọ mọ́. Ara ìyá kò yá. Ohun kan ṣoṣo ni màmá béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́: kí a bá òun wò ó bóyá ọmọ òun wà láàyè.

Ọ́fíìsì mẹ́rin ni a dé. Wọ́n béèrè ìwé, wọ́n béèrè àdírẹ́sì, wọ́n béèrè nọ́ńbà. Bí a bá ní gbogbo ìyẹn, kí ni a wá ṣe? Ní ọjọ́ kẹta, ó rẹ̀ wá, ebi sì ń pa wá. A yà sí ọ̀dọ̀ ológarba kan ní Treichville. A gbọ́ tí ó ń fi Hausa bá ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wí, ni a bá kí i pé, "Sànnú dà àíkì." Ọkùnrin náà yí padà bí ẹni tí ìyá rẹ̀ pè. Ó ní níbo ni a ti gbọ́ Hausa? A ní Kánò ni a ń gbé, ibẹ̀ ni a bí méjì nínú wa sí. Kò gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ wa mọ́ lọ́jọ́ náà. A sọ ohun tí a bá wá fún un. Ó ní, "Àwọn Ànàngó yín ní ìyá olóúnjẹ kan ní Adjamé. Ẹni tí òun kò bá mọ̀, kò sí ní Àbíjàn." Ànàngó ni wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ó fi mú wa lọ.

Ìyá olóúnjẹ náà, ọmọ Ẹ̀jìgbò ni. Bí ó ti rí wa ni ó kúnlẹ̀ kí wa, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé ilé lẹ ti ń bọ̀?" Ó gbé omi fún wa kí ó tó jẹ́ kí a sọ̀rọ̀. A dárúkọ ẹni tí a ń wá. Ó mi orí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, orúkọ kò tó níhìn-ín. Orúkọ tí wọ́n fi ń pè é nílé lè má jẹ́ èyí tí wọ́n fi ń pè é níbí. Ẹ sọ bó ṣe ń jẹun fún mi."

Ọ̀kan nínú wa bá ọkùnrin náà gbé yàrá kan rí ní ìgbà èwe. Ó ní kì í jẹ àlùbọ́sà. Bí ó bá bá a nínú ọbẹ̀, yóò máa ṣà á sí etí abọ́ níkọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa òkúta inú ìrẹsì. Ìyá olóúnjẹ bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Bọ̀dá Aláìjàlùbọ́sà!" Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ yí padà kíákíá. Ó ní ìsọ̀ ọkùnrin náà jóná, kò sì rí owó gbé e dìde padà. Lẹ́yìn náà ni àìsàn dá a gúnlẹ̀. Ó ti tó oṣù méjì tí kò ti lè rìn dé búkà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó ń gbé oúnjẹ lọ fún un ní alaalẹ́.

Ọmọ náà mú wa lọ. A bá a nínú yàrá kékeré kan, ó gbẹ, ṣùgbọ́n ó wà láàyè. Kò ṣe pé ó gbàgbé ilé. Ìtìjú ni. Ó ní báwo ni òun yóò ṣe pe ìyá òun láìsí ohun tí òun yóò fi ránṣẹ́? A kò bá a wí. A pe Kánò lórí fóònù, a fi í sí etí rẹ̀. Màmá kò béèrè ibi tó wà fún ọdún mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó ti ẹnu màmá jáde ni pé, "Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?" Ó sì lè dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, màmá, mo ti jẹun."

Nígbà tí a fẹ́ san gbèsè oúnjẹ oṣù méjì náà, ìyá olóúnjẹ ní òun kò kọ ọ́ sílẹ̀, nítorínáà òun kò mọ iye rẹ̀. A fi ohun tí ẹgbẹ́ kó fún wa sí abẹ́ abọ́. Ọkùnrin náà ti ń gba ìtọ́jú báyìí, ara rẹ̀ ń mókun, ó sì ń pe ìyá rẹ̀ ní ọjọọjọ́ Àìkú. Ó ní òun yóò wálé ní ìparí ọdún.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ ARÌNRÌN-ÀJÒ MỌ̀

Nítorí àwọn ọmọ wa tí wọn yóò tún gba ọ̀nà yìí fún òwò, fún ìgbéyàwó tàbí fún ìsìnkú, a kó ìwọ̀nba ohun tí a kọ́ sílẹ̀.

Èkínní, ẹ wo ibi tí àwọn awakọ̀ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ sí ní ọ̀sán. Oúnjẹ tí ń tán kíákíá kì í pẹ́ nínú ìkòkò.

Èkejì, ẹ jẹ ohun tó wà lórí iná lọ́wọ́. Oúnjẹ gbígbóná kò dà bí èyí tó ti tutù láti òwúrọ̀, ì báà jẹ́ inú ilé ìtura ni wọ́n ti sè é.

Ẹ̀kẹta, ẹ ṣọ́ra fún omi pẹ̀lú. Ẹ mu omi inú ìgò tí a kò tíì ṣí, ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Bí ewé tútù bá wà tí ẹ kò mọ omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ béèrè iye kí ẹ tó jẹ. Owó sẹfá kan náà ni Benin, Tógò àti Côte d'Ivoire ń ná, ṣùgbọ́n sídì ni ti Gánà. Ẹ ṣẹ́ owó sí wẹ́wẹ́, nítorí pé olóúnjẹ kékeré kì í sábà ní ṣéńjì ní òwúrọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ máa kí ènìyàn kí ẹ tó béèrè oúnjẹ. "Bonjour" ní ilẹ̀ Faransé, "Sànnú" fún Hausa, "Ẹ kú iṣẹ́" fún ará wa. Ẹni tó bá kí olóúnjẹ ti sanwó ìdajì ọ̀rọ̀ tí yóò gbọ́.

Ẹ̀kẹfà, ẹ jẹ́ kí olóúnjẹ kan mọ̀ yín dunjú ní ìlú tí ẹ bá dé, kí ẹ sì fi orúkọ àti nọ́ńbà ará ilé yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Èyí ni ó tóbi jù nínú gbogbo rẹ̀. Bí ọkùnrin tí a wá yìí bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ kì bá tí sunkún fún ọdún mẹ́rin.

Ọ̀RỌ̀ ÌPARÍ SÍ ẸGBẸ́

A ní ẹ̀bẹ̀ méjì. Ẹ̀bẹ̀ kìíní ni pé kí akọ̀wé ṣí ìwé kan, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá dé ìlú òkèèrè kọ orúkọ àdúgbò àti ilé oúnjẹ ará wa tó bá rí níbẹ̀ sínú rẹ̀. Tiwa yóò jẹ́ àkọ́kọ́: ti Àjàṣẹ́, ti Lomé, ti Ákrà, àti ti Adjamé.

Ẹ̀bẹ̀ kejì kàn wá níhìn-ín gan-an. Ọ̀pọ̀ ìyá nínú ẹgbẹ́ yìí ló ń ta oúnjẹ ní Sábọ̀n Gàrí. Àlejò ń wọlé lójoojúmọ́ láti Benin, láti Tógò, láti Nìjẹ̀r, àti láti ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, bí ẹ bá rí ọmọkùnrin kan tó ń jókòó sí ìkángun bẹ́ǹṣì lójoojúmọ́, tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, tí owó rẹ̀ sì ń dín kù, ẹ bi í ní orúkọ ìyá rẹ̀. Bí kò bá wá mọ́, ẹ rán ọmọ lọ wò ó. A kò mọ ìyá tó ń dúró ní ẹ̀bá fóònù nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dájú pé ìyá kan wà níbẹ̀.

A kí ìyá olóúnjẹ ọmọ Ẹ̀jìgbò náà láti Kánò. Ọlọ́run yóò bá wa bọ́ ọmọ tirẹ̀ náà ní ibikíbi tí wọ́n bá lọ.